Omi Inú Táǹkì Katakata Ọládòṣù

Ọ̀rẹ́ mi ni Ọládòṣù láti ìgbà tí a ti jọ ń fẹsẹ̀ lásán lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìgàndó. Èmi ni wọ́n máa ń ní kí n kúnlẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì, òun ni wọ́n máa ń fún ní ṣọ́ọ̀kì pé kó wá yanjú ìṣirò níwájú. Nígbà tí a dàgbà, mo di mẹkáníìkì dísẹ́ẹ̀lì, òun di tíṣà. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Ìdímù àti Ẹ̀gbẹ́dá, n kò sì gbọ́ lọ́jọ́ kan kí ẹnikẹ́ni sọ pé ó pa irọ́ fún òun. Irọ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ó pa láyé rẹ̀, ojú mi ló ṣe, ọ̀rọ̀ tí mo sì fi ẹnu ara mi sọ ló sún un dé ibẹ̀. Mo ti pààrọ̀ orúkọ gbogbo wa nínú ìtàn yìí, nítorí ẹnì kan wà tí kò gbọ́dọ̀ mọ̀.

Bàbá Ọládòṣù fẹ́ ìyàwó mẹ́rin kó tó kú, ó sì fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ létí odò lẹ́yìn Ìgàndó, ó tó éékà mẹ́wàá. Ìdí igi ni ẹbí wọn fi ń pín ogún, ọmọ ìyá kan, ìdí igi kan. Ìdí igi mẹ́rin ló wá ni ilẹ̀ yìí. Méjì nínú wọn ti gbà láti tà á fún àwọn tó ń kọ́ ẹ́sítéètì. Ọládòṣù, tó ń sọ̀rọ̀ fún ìdí igi tirẹ̀, ní òun kò tà. Etí ilẹ̀ náà ni wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí, ó sì ti pinnu láti ìgbà tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ pé oko ni òun máa dá níbẹ̀ tí òun bá fẹ̀yìn tì. Ẹni tó kù ni Fawas, àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyàwó kẹrin, tó ń wa kẹ̀kẹ́ ní Ìkòtún. Fawas ní ibi tí Bùọ̀dá òun bá dúró sí lòun dúró sí. Ó di méjì sí méjì, olórí ẹbí kò sì lè fọwọ́ sí ìwé.

Olórí ẹbí náà kì í ṣe ènìyàn burúkú, àmọ́ ariwo ti sú u. Ó bi Ọládòṣù pé ilẹ̀ tí wọn kò tà, tí wọn kò sì ro, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ó ní tó bá di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹrin tí igbó ṣì wà lórí rẹ̀, òun máa pe ìpàdé, kí ìdí igi kọ̀ọ̀kan tún wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bóyá kí wọ́n tà á tàbí kí wọ́n má tà á. Lẹ́yìn ìyẹn, òun kò ní gbọ́ ẹjọ́ mọ́.

Bí Ọládòṣù ṣe kó owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ ra katakata nìyẹn. Ọ̀nà Ìlaró ló ti rí i, ní oko àtijọ́ kan tó ti dahoro. Katakata náà ti lé ní ogójì ọdún, ọ̀dà pupa ara rẹ̀ ti ṣí dànù, ìjókòó rẹ̀ jẹ́ irin lásán. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ni ọkọ̀ gbé e gba Ìpájà wá sí Ìgàndó, gbogbo àdúgbò sì jáde wá wò ó. Inú bí mi pé kò mú mi dání lọ rà á. Mo rò pé ẹni tó mọ ìwé bí tirẹ̀, wọ́n ti lù ú ní jìbìtì. Mo fi orí sípánà gígùn kan ti ara ẹ́ńjìnnì náà, mo gbé etí lé orí kejì, mo ní kó ṣáná sí i. N kò gbọ́ ìlù kankan nínú rẹ̀, n kò gbọ́ ìwúkọ́, ó ń lọ geere. Mo wo ojú Ọládòṣù, mo ní ó ra ọjà gidi, ó sì rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ìyàwó rẹ̀, Naomi, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá. Ìyá Hope la máa ń pè é. Aláṣọ funfun ni, ọmọ ìjọ Aládùúrà, Ọládòṣù ní tirẹ̀ kì í pa Jímọ̀ jẹ, wọ́n sì ti jọ ń gbé bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún láìsí ìjà. Ó béèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ bóyá kí òun pe àwọn wòlíì wá gbàdúrà sí katakata náà. Ọládòṣù rọra dá a lóhùn pé kó fi àdúrà mọ sí inú ilé, nítorí àwọn ẹbí òun kò ní yé fi í ṣẹ̀sín. Obìnrin náà ní ó dára, ó wọlé lọ.

Ọjọ́ kẹta ni Ọládòṣù pè mí lórí fóònù. Ó ní katakata ń ṣáná, ó ń bú, tó bá ti tó ìṣẹ́jú márùn-ún, á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, á yọ èéfín funfun, á sì kú. Mo fi í rẹ́rìn-ín. Mo ní afẹ́fẹ́ ló wọ inú páìpù dísẹ́ẹ̀lì, iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni. Mo lọ, mo tú nọ́ọ̀tì, mo fa afẹ́fẹ́ náà jáde, a ṣáná, ó tún kú. Ìgbà náà ni mo wá wo ife gíláàsì tó wà lábẹ́ fílítà. Omi ló wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó mọ́ kedere, dísẹ́ẹ̀lì sì wà lórí rẹ̀. Omi wúwo ju dísẹ́ẹ̀lì lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń lọ jókòó sí, ibẹ̀ náà sì ni ẹ́ńjìnnì ti ń mu.

Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù. Katakata tó ti wà lójú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, òjò á ti wọ táǹkì rẹ̀. Mo fa táǹkì náà gbẹ, mo fi dísẹ́ẹ̀lì fọ̀ ọ́, mo pààrọ̀ fílítà. Ó ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Nírọ̀lẹ́, Fawas gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé, torí pé ọgbà Ọládòṣù ló máa ń gbé e sùn sí, kọ́kọ́rọ́ géètì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gun orí katakata náà, ó di ìdarí rẹ̀ mú, ó ní òun lòun máa túlẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má bá òun jà á.

Ní ọjọ́ kejì sí i, ó tún kú. Mo wo ife gíláàsì, omi ti wà níbẹ̀. Mo wá rò pé gásíkẹ́ẹ̀tì ló jó, pé omi rédíétọ̀ ló ń wọ inú. Mo fa ọ̀pá tí a fi ń wo ọ́ìlì jáde, ọ́ìlì dúdú, kò ní àmì omi kankan. Rédíétọ̀ kún, kò dín. Ó yé mi pé inú ẹ́ńjìnnì kọ́ ni omi ti ń wá. Mo dá ilé epo lẹ́bi. A lọ ra dísẹ́ẹ̀lì míì ní Ìdímù, mo bù ú sínú ìgò ọ̀rá, mo gbé e sínú oòrùn fún odidi ọ̀sán. Ó mọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. A dà á sí i, a ṣáná, ó ṣiṣẹ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ti kú sí ẹnu géètì, ìdí rẹ̀ wà nínú ọgbà, orí rẹ̀ wà ní títì.

Lọ́tẹ̀ yìí, omi ti ba pọ́ǹpù jẹ́. Mo jẹ́ kí omi ìdí táǹkì jò tán, mo tú pọ́ǹpù náà, mo gbé e lọ bá ọkùnrin kan ní Dọ̀pẹ̀mú tí kò ní iṣẹ́ méjì ju pọ́ǹpù dísẹ́ẹ̀lì lọ. Nígbà tó ṣí i, ó fi ìpẹtà inú rẹ̀ hàn mí, ó bi mí bóyá inú odò ni a ti ń wa katakata. Ó ní ó máa gba òun ní ọjọ́ mẹ́jọ, nítorí òun máa wá àwọn ẹ̀yà kéékèèké inú rẹ̀ kiri. Àwọn mẹkáníìkì ẹgbẹ́ mi ní Ìgàndó ti gbọ́, wọ́n ti ń bi mí bóyá mo ti ń gbàgbé iṣẹ́. Ọjọ́ mọ́kànlá péré ló kù tí ìpàdé máa pé, kò sì tíì sí ebè kan lórí ilẹ̀ náà.

Ó dùn mí, kí n má purọ́. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ni ó yẹ kí ẹ́ńjìnnì fi ṣe yẹ̀yẹ́, kì í ṣe èmi. Mo padà dé ọgbà Ọládòṣù pẹ̀lú ìbínú yẹn nínú mi.

"Ládòṣù, kò sí nǹkan tó ń ṣe katakata yìí," ni mo wí fún un. "Ẹnì kan ló ń da omi sí i."

Ó ní ta ni.

"Yàtọ̀ sí ìwọ àti ìyàwó ẹ, ta ló ń wọ inú ọgbà yìí láàárọ̀?"

N kò dárúkọ Fawas. Kò sídìí tí mo fi máa dárúkọ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni ó ń sùn ní ẹ̀gbẹ́ katakata náà, òun ló sì ń kọ́kọ́ jáde ní ìdájí. Ọládòṣù wò mí títí, ó ní ká má tún sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọjọ́ méjì ni kò fi pè mí. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n wá sọ fún un pé wọ́n rí ọmọ ìdí igi kejì, ọ̀kan nínú àwọn tó fẹ́ tà, nínú kẹ̀kẹ́ Fawas. Gbogbo Ìkòtún ló ń wọ kẹ̀kẹ́ Fawas, owó ọkọ̀ ni wọ́n ń san. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi ti jókòó sí i lọ́kàn, ó sì ti di wàhálà fún un.

Èmi àti òun ni a jọ lọ bá a ní Ìkòtún. Fawas wà ní ibùdó kẹ̀kẹ́, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bíi mẹ́wàá, wọ́n ń jẹun. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó rí wa. Ọládòṣù kò dáhùn ìkíni rẹ̀. Ó bi í lójú gbogbo wọn pé èló ni àwọn ẹlẹ́sítéètì fún un kó tó máa da omi sí katakata òun. Fawas kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ó gbé oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀.

"Bùọ̀dá, tí mo bá fẹ́ kí wọ́n ta ilẹ̀, ṣebí ẹnu ni mo máa fi sọ. Kí ni mo fẹ́ fi omi ṣe?"

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì mọ́gbọ́n wá. Ìdí igi kan ni Fawas, bó bá sọ pé kí wọ́n tà, ó tán, kò sídìí tí yóò fi máa yọ́ da omi sí nǹkan kan. Ó yẹ kí n fa Ọládòṣù lápá nígbà yẹn, kí n ní ká lọ. N kò ṣe é. Bí kì í bá ṣe Fawas, a jẹ́ pé èmi ni n kò mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ni n kò sì fẹ́ gbà. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ọládòṣù sọ ọ̀rọ̀ míì síwájú sí i, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n kì í sọ sí àbúrò rẹ̀ ní gbangba, àwọn oníkẹ̀kẹ́ sì ń wo ilẹ̀. Fawas tú kọ́kọ́rọ́ géètì kúrò lára ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó nà án sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kẹ̀kẹ́ sí láti ọjọ́ náà.

Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìpàdé ni wọ́n gbé pọ́ǹpù náà fún mi. Kí n tó dè é, mo ní kí n kọ́kọ́ fa táǹkì gbẹ. Mo gbé ìgò ọ̀rá sábẹ́ rẹ̀, mo tú ìdí rẹ̀. Omi ló kọ́kọ́ jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ìgò kan. Fawas kò tíì tẹ ọgbà yẹn láti ọjọ́ mẹ́fà. Ọládòṣù wà nínú ilé, kò rí i. N kò lè pè é. Mo da omi náà sínú gọ́tà, mo de pọ́ǹpù, mo sọ fún un pé màá tètè dé lọ́jọ́ kejì, mo sì lọ sílé lọ wo òrùlé mọ́jú.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ nígbà tí mo dé. Géètì kò tì. Mo rí Ìyá Hope lórí àga oníke kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ katakata, ó wọ sùtánà funfun, kò wọ bàtà, ó jọ pé ìsìn àárọ̀ ló ti ń bọ̀. Ìgò omi kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lórí bónẹ́ẹ̀tì katakata yẹn, ọmọrí méjì ló wà, wọ́n tẹ̀lé ara wọn, ọ̀kan fún omi rédíétọ̀, èkejì fún dísẹ́ẹ̀lì. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọkọ̀ ń mu omi, ojoojúmọ́ la sì ń rí i tí àwọn awakọ̀ ń da omi sí iwájú ọkọ̀ wọn. Èyí tí obìnrin náà ṣí nínú méjèèjì ni ti dísẹ́ẹ̀lì. Ó rọra ń da omi náà sí i, ó ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́. Mo gbọ́ orúkọ ọkọ rẹ̀. Mo gbọ́ ọ tó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yìí kú mọ́, kí ilẹ̀ má bọ́ lọ́wọ́ Ọládòṣù. Nígbà tó dà á tán, ó fi etí sùtánà rẹ̀ nu ọmọrí náà, ó dé e, ó gbé àga wọlé. N kò jáde sí i. Mo dúró sí ẹ̀yìn géètì.

Nígbà tí Ọládòṣù jáde, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó jókòó sórí táyà katakata náà. Mo rò pé inú ló ń bí i sí ìyàwó rẹ̀. Mo ní kó pè é, kó sọ fún un, kí a sì jọ lọ bẹ Fawas kí ọjọ́ tó kanrí. Ó mi orí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó lè yé yín. Kí wọ́n tó bí Hope, wọ́n ti bí ọmọkùnrin kan. Ọmọ náà pé ọdún mẹ́ta, ó ń ṣe ibà, Ọládòṣù sì wà ní Badagry níbi tí wọ́n ti ń dá àwọn tíṣà lẹ́kọ̀ọ́. Naomi gbé ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń fi omi àdúrà wẹ̀ ẹ́, ó ń fún un mu. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ti bọ́. Àwọn ẹbí Ọládòṣù wá kí i, wọ́n jókòó yí i ká, wọ́n sì sọ ọ́ sí i lójú pé omi rẹ̀ ló pa ọmọ àwọn. Ọdún kan gbáko ni obìnrin náà kò fi sọ̀rọ̀ ju ẹ káàárọ̀, ẹ káalẹ́. Ọládòṣù ni ó ń fún un lóúnjẹ lẹ́nu.

"Akin, tó bá gbọ́ pé omi òun ló tún ṣe èyí, kò ní padà wá," ni Ọládòṣù wí fún mi lórí táyà yẹn.

Mo ní kí ó sọ fún Fawas nìkan. Ó ní Fawas á sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ á sọ fún gbogbo ilé, kí oòrùn tó wọ̀, á ti dé etí Naomi. Ó ní kí n búra. Mo búra. Mo bi í pé kí ló máa wá sọ fún àbúrò rẹ̀, ó ní òun máa wá nǹkan sọ. Lẹ́yìn náà, a fa táǹkì gbẹ, ó fi àgádágodo kékeré kan ti ọmọrí rẹ̀ pa, èmi ni mo sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé nítorí àwọn olè ni.

A wa katakata lọ sí ilẹ̀ náà láàárọ̀ yẹn, mo sì bá a so irin ìtúlẹ̀ mọ́ ọn. Ó ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí di àṣálẹ́ láìkọ́sẹ̀. Éékà méjì ni a tú, erùpẹ̀ dúdú tó ti sùn lábẹ́ igbó látọdúnmọ́dún yí sókè, ó ń rùn dáadáa. Ọládòṣù wà á débi ibojì ìyá rẹ̀, ó yà fún un, ó padà. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń rí i tó ń rẹ́rìn-ín. Mo wá ń rò ó lọ́kàn pé bóyá ó ṣì lè dára.

Ìpàdé wáyé lọ́jọ́ Àìkú ní agbo ilé wọn, Ìyá Hope sì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí Ọládòṣù ní kí n wá jẹ́rìí sí iṣẹ́ tí a ṣe. Olórí ẹbí ti rán ènìyàn lọ wo ilẹ̀ náà. Ó yin Ọládòṣù níwájú gbogbo wọn, ó ní éékà méjì kì í ṣe éékà mẹ́wàá, ṣùgbọ́n òun ti rí i pé ó fẹ́ ṣiṣẹ́. Ó ní bí àwọn tí kò fẹ́ tà tẹ́lẹ̀ bá ṣì dúró sórí ọ̀rọ̀ wọn, òun máa fún un di oṣù kẹfà. Ìdí igi méjì ní kí wọ́n tà. Ọládòṣù ní òun kò tà. Gbogbo ojú wá yí sí ọ̀dọ̀ Fawas, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, tó jìnnà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Fawas ní kí òun tó sọ̀rọ̀, òun fẹ́ mọ ẹni tó da omi sí katakata.

Ọládòṣù dìde. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọmọ tó fi ọdún méjìlélógún jù lọ. Àwọn ìyàwó ilé tó ń yọjú lójú fèrèsé fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Èmi ni, Fawas. Kẹ́ẹ̀gì méjì ló wà nílẹ̀, mo ṣi ọ̀kan gbé. Mi ò mọ̀. Dárí jì mí."

Fawas wò ó níbi tó nà sí, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Tíṣà ìṣirò ni yín, Bùọ̀dá. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ṣi kẹ́ẹ̀gì kan náà gbé? Ẹ gbójú sókè, kẹ́ ẹ wò mí, kẹ́ ẹ tún un sọ."

Ọládòṣù gbé ojú sókè, ó ya ẹnu, ojú rẹ̀ tún padà sílẹ̀. Kò mọ irọ́ pa. Ọmọdé tó bá jí gààrí jẹ ní ilé ìwé wa mọ̀ ọ́n jù ú lọ.

Fawas bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní òun mọ ẹ̀gbọ́n òun, kò lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ó ṣì dá ẹ̀gbọ́n òun lójú pé òun, Fawas, ló da omi náà, pé nítorí ilẹ̀ nìkan ló ṣe ń dọ̀bálẹ̀, tí wọ́n bá ti jáde síta, á tún máa wo òun ní olè. Ó ní bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n òun sọ pé òun kò mọ ẹni tó ṣe é, òun ì bá gbà. Ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀.

"Ẹ tà á," ló wí. "Ẹ tà á, kí kálukú máa lọ."

Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, òótọ́ sì wà lẹ́nu mi. Ẹnu mi tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ nígbà tó yẹ kó dákẹ́. Mo wo Ọládòṣù, òun náà ń wò mí láti ilẹ̀, ó mi orí díẹ̀. N kò sọ̀rọ̀. Olórí ẹbí bèèrè lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ Fawas bóyá ohun tó fẹ́ sọ nìyẹn, ó ní òun ni. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé ní ọ̀sẹ̀ náà.

Kí oṣù karùn-ún tó parí, àwọn ẹlẹ́sítéètì ti mọ odi yí ilẹ̀ náà ká. A hú egungun ìyá Ọládòṣù, a tún un sin sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀, èmi àti òun la gbẹ́ ilẹ̀. Fawas kó lọ sí ọ̀nà Badagry, kì í gbé fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní Ìgàndó, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé Tíṣà Ọládòṣù kò mọ omi yàtọ̀ sí dísẹ́ẹ̀lì, ó wá lọ ba àbúrò rẹ̀ lórúkọ jẹ́ nítorí ìdọ̀tí ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn ọmọ tó kọ́ ní ìṣirò náà ń sọ ọ́. Ó ń gbọ́, kì í fèsì. Àárọ̀ ló máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ibẹ̀ náà ni oòrùn á ti wọ̀ bá a, tí mo bá sì lọ kí i, ọ̀rọ̀ ọjà àti òjò la máa ń sọ.

Ní oṣù keje, Ìyá Hope wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó wọ sùtánà rẹ̀, ó ń ti ìsìn bọ̀. Ó ní kí n bá àwọn wá ẹni tó máa ra katakata, nítorí ọkọ òun kò fẹ́ máa rí i mọ́. Mo ní màá wá a. Mo rò pé ó máa lọ, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Ó bi mí bóyá lóòótọ́ ni Bàbá Hope ṣi kẹ́ẹ̀gì gbé. Mo ní lóòótọ́ ni. Ó ní òun náà ti rò bẹ́ẹ̀, pé Fawas kò lè ṣe nǹkan bẹ́ẹ̀, ọmọ dáadáa ni. Ó ń fi ìka ti eruku kúrò lórí bẹ́ǹṣì náà.

"Ẹ má sọ fún un o," ló wí. "Wòlíì fún mi lómi fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, láàràárọ̀ ni mo ń dà á sí i. Nígbà tó wá fi àgádágodo tì í, mi ò rí i ṣe mọ́, kò sì pé. Ìgò kékeré náà ni mo ń lò. Bóyá kò tó ni."

Mo sọ fún un pé ó tó.